Tábà Virginia òun Perique: Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́

 

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, níbí ní Jos tí mo ti ń tajà, díẹ̀ báyìí ló kù kí n kó agolo tábà mẹ́fà dà sórí ààtàn. Ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà dé ló kó wọn wá. Ó ní owó ti tán lọ́wọ́ òun, kí n bá òun rà wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan ṣì wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń fi ìkòkò mu tábà, ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní páìpù. Mo bá sanwó. Owó ọ̀hún ò kéré, inú owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà ọdún ni mo ti yọ ọ́.

Mo délé, mo ṣí ọ̀kan. Yéè! Òórùn tó kọ lu imú mi dà bíi ti fínígà. Mo tú ewé inú ẹ̀ wò: àwọn kan pupa bí awọ bàtà, àwọn kan dúdú bí èédú láàárín wọn. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, tábà ti kan, ó ti bàjẹ́. Ìyàwó mi ló ní kí n má tíì dà á nù, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan nínú ẹgbẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yìí, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Kó tó wá sí Jos, ó gbin tábà fún iléeṣẹ́ nígbà tó wà ní géńdé, ó sì fi páìpù mu ún fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé agolo náà sí imú, ó dijú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí wọ́n bá gbé irú tó dáa wá bá ọ lọ́jà, ṣé wàá sọ pé ó ti bàjẹ́ ni? Virginia àti Perique lèyí. Bó ṣe yẹ kí òórùn ẹ̀ rí nìyẹn."

Ohun tí bàbá là yé mi lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo tún lọ wádìí fúnra mi, ni mo fẹ́ fi tó yín létí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹni tí kì í mu tábà lọ bẹ̀rẹ̀ o. Bàbá fúnra ẹ̀ ti jáwọ́, ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ níwájú. Àmọ́ ẹni tó ń mu ún, ẹni tó ń tà á, àti ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Virginia: ewé tó dùn

Ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ Virginia. Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lọ tẹ̀dó sí Jamestown ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tábà tà, ní nǹkan bí ọdún 1612. Lónìí, orúkọ irú ewé kan ni, níbikíbi tí wọ́n bá ti gbìn ín. Wọ́n ń gbìn ín ní Brazil, ní Zimbabwe, ní Ṣáínà. Wọ́n gbìn ín nílẹ̀ Yorùbá náà, ní Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ògùn, títí dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí iléeṣẹ́ sìgá ti fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òṣogbo ni wọ́n kọ́kọ́ dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ sí ní 1933, kí ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937.

Ohun tó mú kí Virginia yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́. Wọn kì í sá a sóòrùn. Wọ́n á so ewé tútù kọ́ sínú ilé gíga kan, wọ́n á dáná sí ìdí ilé náà, ooru á gba inú ọ̀pá irin ńlá oníhò yí inú ilé ká. Èéfín ò ní kan ewé, ooru nìkan ni. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ewé á ti pọ́n, á sì ti gbẹ. Ooru yẹn ni kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ewé tán. Ìdí nìyẹn tí Virginia fi ń dùn lẹ́nu.

Bàbá ní iṣẹ́ àìsùn ni. Tí ooru bá pọ̀ jù, ewé á jóná. Tó bá lọ sílẹ̀, àwọ̀ ewé á bàjẹ́, owó oko ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ iná ò gbọdọ̀ tòògbé.

Ẹ wá wò ó, wọ́n ní oorun náà ló bí ewé aláwọ̀ wúrà yìí. Lọ́dún 1839, ní Caswell County ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ẹrú kan tó ń jẹ́ Stephen, èèyàn dúdú bíi tiwa, ló ń ṣọ́ iná tábà fún ọ̀gá ẹ̀, Abisha Slade. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé oorun gbé e lọ. Nígbà tó ta jí, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó sáré kó èédú, ó dà á sí i, ooru gbígbẹ bá mú ewé lójijì. Nígbà tí wọ́n máa fi wò ó, ewé ti di yẹ́lò bíi wúrà. Ọ̀gá ẹ̀ rí owó gọbọi lórí ẹ̀, ọ̀nà tuntun náà sì tàn káàkiri. Stephen ò kúrò lẹ́rú nítorí ìyẹn. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá, ó mi orí, kò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn ọ̀gá wa náà ò mọ orúkọ wa."

Àwọ̀ Virginia pín sí oríṣi mẹ́ta tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Èyí tó yẹ́lò mú díẹ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń rán èèyàn létí ọsàn wẹ́wẹ́ àti koríko gbígbẹ. Èyí tó pọ́n bí ọsàn ló wà láàárín. Èyí tó pupa ló rọ̀ jù lẹ́nu, òórùn ẹ̀ dà bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ewé pupa yìí ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ Perique.

Perique: ewé tí wọ́n tẹ̀ bí ẹni ń ṣe irú

Perique ní tiẹ̀ kì í ṣe ewé ibi púpọ̀. Àgbègbè kékeré kan tó ń jẹ́ St. James Parish, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, lẹ́bàá odò Mississippi láàárín New Orleans àti Baton Rouge, ni ìdí ẹ̀ wà. Wọ́n ní àwọn ẹ̀yà Choctaw àti Chickasaw, tí wọ́n wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló kọ́kọ́ ń ki ewé tábà mọ́ inú igi oníhò. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pierre Chenet ló kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, tó sì sọ ọ́ dòwò ní nǹkan bí 1824. Wọ́n tún ní ìnagijẹ rẹ̀ ni Perique.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á so ewé kọ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Wọ́n á wọ́n omi sí i díẹ̀ kó lè rọ̀, wọ́n á yọ igi àárín ewé kúrò, wọ́n á lọ́ ọ ní ìdì ìdì. Wọ́n á wá tò ó sínú àgbá onígi tí wọ́n ti fi pa ọtí wisikí mọ́ rí, wọ́n á gbé jáàkì lé e, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí omi ara ewé fúnra ẹ̀ á fi jáde bò ó. Ó máa wà nínú ìnira yẹn fún bí ọdún kan. Láàárín ìgbà náà, wọ́n á tú u síta bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún un tò, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá máa fi jáde, ó ti dúdú, òórùn ẹ̀ sì ti yí padà: fínígà wà níbẹ̀, òórùn èso ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní òkè Ọya, ẹ rántí tsamiya tí wọ́n ti rẹ sómi mọ́jú, ẹ̀ ń sún mọ́ ọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe irú, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n ṣàlàyé. Wọ́n á sè é, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á di í pa kó lè móoru, kó sì kan. Ẹni tí kò jẹ irú rí á ní nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní ọbẹ̀ ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni Perique rí, bẹ́ẹ̀ sì ni lílò ẹ̀. Èèyàn kì í bu irú sínú abọ́ kó fi ṣíbí jẹ ẹ́. Perique náà, ìwọ̀nba ni wọ́n ń fi sí i. Àwọn kan kì í ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn míì á sún mọ́ ogún. Virginia ni ọbẹ̀, Perique ni irú.

Ó sì wọ́n. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, àwọn àgbẹ̀ tó ṣì ń ṣe é ní St. James ò ju ìwọ̀nba lọ. Lẹ́yìn ìgbà tí iléeṣẹ́ sìgá kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ni oko ẹ̀ tó tún gbèrú díẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí agolo tí wọ́n kọ Perique sí lára, tí owó ẹ̀ sì wá rọ̀ jù, ẹ bi ara yín léèrè kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Bàbá ní ojú, imú àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ kí iná tó dé ọ̀rọ̀ náà.

Ojú ni àkọ́kọ́. Ewé lè wà ní gígé wínníwínní. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n gé e pẹlẹbẹ. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n lọ́ ọ bí okùn, wọ́n wá gé okùn náà róbótó róbótó bí owó ẹyọ. Bíi ti èyí tó ń jẹ́ Escudo nìyẹn: tẹ́ ẹ bá mú ẹyọ kan, ẹ máa rí dúdú láàárín pupa. Tẹ́ ẹ bá rí ohun funfun tó ní irun bí òwú tàbí bí okùn aláǹtakùn, ìyẹn ti hu, ẹ dà á nù. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tó ń dán wínníwínní bí iyọ̀ lára ewé tó ti pẹ́ nínú agolo, ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́.

Imú ló tẹ̀ lé e. Kíkan tó dáa máa ń ní adùn lábẹ́, bí èso tó pọ́n. Ìbàjẹ́ máa ń rùn bí yàrá tí òjò ń jò sí, bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Nígbà tí bàbá ní kí n gbóòórùn lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé ohun tí mo pè ní fínígà yẹn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí òórùn búrẹ́dì àti èso sì ń jáde. Ẹ fún un láàyè bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Ọwọ́ ni ẹ̀kẹta. Ẹ fún díẹ̀ láàárín ìka. Tó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò tú, omi ti pọ̀ jù, kò ní jó dáadáa, á sì máa bó ahọ́n. Tó bá rún bí ìyẹ̀fun, ó ti gbẹ jù, adùn ti lọ. Èyí tó dáa máa ń rọra tú padà fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos, Kano, Maiduguri, ẹ ṣọ́ra fún ọyẹ́. Agolo tí wọ́n ti ṣí, ọyẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta ti tó láti sọ ọ́ di pàǹtí. Ẹ dà á sínú ìgò tí ìdérí ẹ̀ le dáadáa.

Iná ló wá kàn. Bàbá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, àgbà awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń mu ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló mu ún, bàbá jókòó sí ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ń wo èéfín, ó ń bi í ní ìbéèrè. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fi tábà sínú páìpù. Ti àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ ọmọdé tẹ̀ ẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ọwọ́ obìnrin tẹ̀ ẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ọkùnrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún máa ń ṣáná sí i: iná àkọ́kọ́ máa ń gbé ewé dìde, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ padà, kẹ́ ẹ wá ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fa sìgá á fa Virginia bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣúgà inú ẹ̀ á gbóná, èéfín gbígbóná á jó ahọ́n, onítọ̀hún á ní tábà náà ò dáa. Wọn kì í fà á sínú àyà. Ẹnu ló ń mọ ẹnu ló ń dá a padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bí páìpù bá ti gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú lọ, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìbéèrè tí bàbá ń bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀: "Ṣé ó dùn?" Virginia ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, adùn àti koríko gbígbẹ. Nígbà tó dé ìdajì: "Ata ńkọ́?" Perique máa ń ta bí ata dúdú, pàápàá tí èéfín díẹ̀ bá gba imú jáde. Nígbà tó ń parí lọ: "Ṣé wọ́n ti di ọ̀kan?" Ní ìdí páìpù, adùn àti ata ò yẹ kó máa bá ara wọn jà mọ́. Ó yẹ kí ẹnu mọ nǹkan bí èso tí wọ́n sè mọ́ ata, láì sí ìkorò. Lẹ́yìn tó tán: "Kí ló kù lẹ́nu?" Tó bá jẹ́ eérú àti ìkorò, kò dáa tó. Tó bá jẹ́ adùn díẹ̀, ó dáa.

Ìbéèrè tó wúwo jù lójú mi ni èyí tó bi í kẹ́yìn: "Ata yẹn, ṣé ó ń ran ewé lọ́wọ́ ni, àbí ó ń bò ó mọ́lẹ̀?" Ó ní ata púpọ̀ lè bo ẹran tó ti ń rà. Wọ́n lè kó Virginia tí kò dáa, kí wọ́n da Perique bò ó, kí ẹni tí kò mọ̀ máa pariwo pé ó le, ó le. Èyí tó dáa ni èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ irú ẹ̀ kúrò, ọbẹ̀ ṣì máa ṣe é jẹ.

Ẹ má fi ìgbà kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ohun ìnu-páìpù nu inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sinmi ọjọ́ kan kó tó tún ṣiṣẹ́. Orúkọ nìkan ò sì tó o. Three Nuns, tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa, ní Perique nínú láyé àtijọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́yìn náà ò ní in mọ́. Orúkọ kan náà, ọbẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ọjọ́ orí agolo kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àlébù. Virginia tí wọ́n dé pa dáadáa lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, á sì máa rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni bóyá agolo ti dípẹtà, tàbí bóyá atẹ́gùn ti ráyè wọ inú ẹ̀.

Ohun tó kù

Nínú agolo mẹ́fà mi, márùn-ún ló dáa. Ọ̀kan ti dípẹtà nídìí, ewé inú ẹ̀ ti hu irun funfun. Ìyẹn ni mo dà nù. Mo ta mẹ́rin, mo rí owó mi gbà padà pẹ̀lú èrè díẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ fi ta bàbá lọ́rẹ. Ó gbà á, ó tún gbóòórùn ẹ̀, ó wá dá a padà fún mi.

Ó ní, "Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti gé nǹkan kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Wọ́n ń sọ fún wa pé páìpù ò dà bíi sìgá, pé a kì í gbé e mì. Irọ́ ni. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ó gba nǹkan lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ lohun tó sọ. Ẹni tí kò gbé èéfín páìpù mì ṣì lè ní jẹjẹrẹ ètè, ahọ́n, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Tábà inú ẹ̀ sì máa ń di bárakú. Ẹni tí kò bá jẹun kó tó mu irú èyí, òòyì lè kọ́ ọ, èébì lè gbé e. Èéfín ẹ̀ ò dáa fún ọmọ àti ìyàwó tó wà nínú yàrá. Òfin tábà tí orílẹ̀-èdè wa ṣe lọ́dún 2015 náà sọ pé a ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀wọ́, owó ọmọdé ò yẹ kó wọ inú àpò yín lórí èyí.

Ọ̀rẹ́ bàbá, àgbà awakọ̀ yẹn, ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ní bó ṣe di ẹ̀ẹ̀kan yìí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ adùn ẹ̀ ni. Bàbá ní kó jáwọ́ pátápátá. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Agolo karùn-ún wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò tíì tà á.